Àgádágodo Méjì Lára Ilẹ̀kùn Kan

Ní ọjọ́ tí wọ́n kan àgádágodo kejì mọ́ ilẹ̀kùn ilé omi, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fẹ̀yìn ti ògiri, ó káwọ́ gbera, ó sì ń wo káfíńtà bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ẹni tó ń gbẹ́ kòtò sí ẹnu ọ̀nà ẹni. Káfíńtà náà mọ̀ pé ojú ń wo òun. Ó kan ìṣó méjì, ẹ̀kẹta wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o," ó ní. "Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ta ló ń bínú? Yọ èyí tó wọ́ yẹn, kí o kàn án dáadáa. Bí ilẹ̀kùn bá mì lọ́la, èmi náà ni wọ́n máa ní mo mì ín."

Ilé omi náà kò ju yàrá kan lọ. Ó wà létí títì, níbi tí ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ìsàlẹ̀ ti parí tí ti ìjọba ìbílẹ̀ òkè sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti omi wà nínú rẹ̀, táǹkì tó ga bí ilé alájà méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Páìpù ńlá méjì ló jáde láti ibẹ̀. Ọ̀kan gba ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ìsàlẹ̀, èkejì gba ọwọ́ òsì, ó ń gun òkè lọ. Páìpù kọ̀ọ̀kan ní irin roboto kan tó dà bí ìdarí ọkọ̀ akẹ́rù, ìdarí náà ni wọ́n sì ń pè é. Bí wọ́n bá yí i sí apá kan, omi á máa lọ. Bí wọ́n bá yí i padà, omi á dúró.

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, kò sí èyí tó lágbára láti dá ilé omi tirẹ̀ kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé àwọn á jọ máa lo ẹyọ kan. Òkè ló ni ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ìsàlẹ̀ ló ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ á sinmi. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí wọ́n ṣí i, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n tì í. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni bí àwọn ará ibí àti àwọn ará ọ̀hún á ṣe máa fojú ire wo ara wọn. Àwọn ará òkè ń pe àwọn ará ìsàlẹ̀ ní ẹlẹ́sẹ̀-tútù. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ń pe àwọn ará òkè ní ọlọ́fun-gbígbẹ. Bí wọ́n bá pàdé nínú ọkọ̀ èrò, wọn kì í jókòó ti ara wọn bí àyè mìíràn bá wà.

Ọkọ Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ló kọ́kọ́ ń tọ́jú ilé omi. Nígbà tí ó kú, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì ní kí ìyàwó rẹ̀ ṣì máa bá wọn mú kọ́kọ́rọ́ dání títí wọ́n á fi rí ọkùnrin tó máa gba iṣẹ́ náà. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé, wọn ò tíì rí ọkùnrin ọ̀hún. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn, ó fi okùn kọ́rùn. Òun ló fi ṣiṣẹ́, òun ló fi tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo dàgbà, òun náà ló sì fi gba orúkọ. Bí ó bá bọ́ ọ láti wẹ̀, ọrùn rẹ̀ á dà bí ọrùn ẹlòmíì lójú ara rẹ̀.

Káńsẹ́lọ̀ kan ní òkè ló dá ọ̀rọ̀ àgádágodo kejì sílẹ̀. Ó ń múra ìbò, kò sì rí nǹkan gidi sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ó wá rántí ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ tó ń mú kọ́kọ́rọ́ omi dání. Ó gun orí àga, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ará ilé ológbò ló yẹ kó máa ṣọ́ ẹja yín?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Omi kò wọ́n wọn lọ́jọ́ náà o. Garawa gbogbo wọn kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ìyẹn àwọn èèyàn mẹ́ta-mẹ́ta tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàn láti bójú tó ilé omi.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n bú ara wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n wá pinnu. Àgádágodo méjì, olùtọ́jú méjì, kọ́kọ́rọ́ kan fún ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún òkè. A kò ní ṣí ilẹ̀kùn àfi bí olùtọ́jú méjèèjì bá wà níbẹ̀ tí wọ́n sì fara mọ́ ọn. Bí ẹ̀sùn kan bá sì tún wá nípa Ìyá Kọ́kọ́rọ́, kí ó dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, kí ó máa lọ sílé. Akọ̀wé ka ìlà tó kẹ́yìn yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wò ó lójú.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni òkè yàn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń lu agogo ilé ẹ̀kọ́. Orí apá ẹ̀wù ló máa ń de aago ọwọ́ rẹ̀ sí kí ẹ̀wù má baà bò ó. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ pupa kan, bíró méjì, àti ṣọ́ọ̀kì tí kò jẹ́ kó tán nínú àpò rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dé ilé omi ní aago mẹ́fà àárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ṣí àgádágodo tirẹ̀. Èkejì wà níbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo òkè. Aago méje kọjá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́jọ lù, Tíṣà sọ̀kalẹ̀ wá, ó ń rìn bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, màmá."

"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ẹ ṣílẹ̀kùn ká wọlé."

"Aago mẹ́jọ ò tíì lù."

"Ẹ̀yin lẹ ni òní. Omi yín ni."

"Ìdí tí wọ́n fi rán mi wá gan-an nìyẹn. Ìwé ní aago mẹ́jọ. Aago mẹ́jọ ni."

Ó jókòó sí ìpẹ̀kun kejì bẹ́ǹṣì náà. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wò ó, ó tún wo òkè. Ó ya ẹnu láti sọ nǹkan kan. Ó pa á dé.

Nǹkan tí kò sọ náà ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún tó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́, agbẹ̀bí kan sọ̀kalẹ̀ láti ilé ìgbẹ̀bí tó wà lókè. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jókòó, ó ní, "Ìyàwó, aago mẹ́jọ lẹ ń ṣí omi wa, àbí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Aago mẹ́wàá ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí láàárọ̀ kì í dúró dè é." Agbẹ̀bí dìde, ó lọ.

Nígbà tó tún kan òkè, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ṣí ìdarí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá omi rìn. Ó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù, ó ń tẹ etí mọ́ irin, ó ń gbọ́ ibi tí omi dé. Omi ń gun òkè bí arúgbó: á gùn díẹ̀, á mí. Nígbà tí ó fi máa yọ lẹ́nu ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lókè, wákàtí méjì ti kọjá. Ti ìsàlẹ̀ kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó rò ó bí ó ṣe ń bọ̀ wálé. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ ló yẹ kí wọ́n ti máa ka wákàtí, kì í ṣe ara ìdarí, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé garawa sí abẹ́ ìdarí. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, aago mẹ́fà ló ń ṣí ti òkè, aago mẹ́jọ ló ń ṣí ti ìsàlẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Àwọn tó ń rí i lọ́nà rò pé ó ń lọ gbálẹ̀ ni. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á ní ó ń fi omi táǹkì àjọni tọrẹ fún ọ̀tá. Báyìí ló di ọdún mọ́kàndínlógún.

Ó lè sọ ọ́ fún Tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ìkùnsínú wà níbẹ̀. "Ẹ ní aago lẹ fẹ́," ó ní nínú ọkàn rẹ̀. "Ẹ ti rí aago."

Ní ọjọ́ kẹta, Tíṣà yọ ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà funfun sí àárín bẹ́ǹṣì.

"Kí nìyẹn?" Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bi í.

"Ààlà ni. Ìhín tèmi, ọ̀hún tiyín. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnì kan ń jókòó gba ti ẹnì kejì."

"Ẹ kú ọpọlọ." Ó sún, ó jókòó gbàgẹ̀rẹ̀ sórí ìlà náà gan-an. Nígbà tí ó fi dìde, kò sí ìlà mọ́. Ó wo ẹ̀yìn aṣọ ara rẹ̀. "Tíṣà, ẹ wá wo ààlà yín. Ó ń bá mi lọ sílé."

Wọ́n jà lórí ìlà. Wọ́n jà lórí ìgbálẹ̀. Wọ́n jà lórí bí wọ́n ṣe ń yí ìdarí pàápàá, nítorí ogójì ìgbà ni wọ́n ń yí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó ṣí tán, Tíṣà sì máa ń dúró sí i lẹ́yìn, á máa kà á sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

"Mọ́kàndínlógójì lẹ yí," ó ní lọ́jọ́ kan.

"Ogójì ni."

"Mo kà á."

"Ó dáa. Ẹ wá yí ẹyọ kan tó kù fúnra yín."

Tíṣà ká apá ẹ̀wù rẹ̀, ó dì í mú, ó fi gbogbo ara tì í. Ìdarí kò mì. Ó tún tì í. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó wá fi í sílẹ̀, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kọ ogójì síbẹ̀.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn obìnrin òkè gbé garawa òfìfo sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tó méjìlá. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́," ẹni tó ṣíwájú wọn wí, "ṣé ẹ̀ ń mu omi wa ni, àbí ẹ̀ ń fi fọ àgbàlá?"

"Tíṣà yín ló jókòó yìí. Ẹ bi í."

"Tíṣà, ṣé ẹ̀ ń sùn níbí ni?"

"Mi ò sùn o. Aago mẹ́jọ gééré la ṣí i. Ó wà nínú ìwé."

"Ẹ bá wa ya ìwé yẹn wá, ká fi se ọbẹ̀."

Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sílẹ̀. Kò ba Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó dájú pé ó wọ̀n ọ́n dáadáa kó tó tu ú. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wo itọ́ náà títí ó fi gbẹ. Tíṣà ń wo aago rẹ̀.

Ìyìn àwọn ará ilé wá burú ju èébú àwọn ará òkè lọ. Alágbàfọ̀ tí ògiri rẹ̀ kan ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ò jẹ́ kó sinmi. Omi ni iṣẹ́ ọkùnrin náà, ó sì gbà pé gbogbo ẹ̀kán omi tó bá gòkè, inú ọpọ́n òun ni wọ́n ti bù ú.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́," ó ní láti orí ògiri, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀, "mo gbọ́ pé òfun ń gbẹ wọ́n lókè."

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa sọ. Bí wọ́n bá bi èmi náà, mi ò rí nǹkan kan." Ó rẹ́rìn-ín, ó fún aṣọ. "Obìnrin gidi ni yín. A ò kàn tètè mọ̀ ni."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rín náà. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ran apá ẹ̀wù kan.

"Ìyá mi, àwọn oníbàárà mi ní ẹ ti pa omi mọ́ òkè lẹ́nu. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́. Kí ló dé tí ẹ ò sọ bó ṣe rí?"

"Báwo ló ṣe rí?"

"Mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń jáde láago mẹ́fà látìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣé ẹ rò pé mo rò pé ilẹ̀ lẹ̀ ń lọ gbá?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jókòó sórí àpótí. "Bí mo bá sọ ọ́, àwọn tiwa á ní olè ni mí."

"Bí ẹ ò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

"Àwọn tòkè á ní olè ni mí."

"Kí ló wá kù?"

"Ó ku kí n jẹun. Kí lo sè?"

Ọmọ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́ yín, ìyá mi. Bí ẹ sọ ọ́, bí ẹ ò sọ ọ́."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fọwọ́ kan okùn ọrùn rẹ̀. Kò jẹun mọ́.

Tíṣà ní tirẹ̀ kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó máa kọ àsìkò tí omi bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ wọn sára ògiri ilé ìdáná. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó da ohun tó wà lára ògiri kọ sínú ìwé rẹ̀, ó fi àsìkò tí wọ́n ń ṣí ìdarí wé àsìkò tí omi ń yọ, orí rẹ̀ sì fò lọ. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kò kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó gbé ìwé náà sí i níwájú.

"Wákàtí méjì. Ojoojúmọ́ tó bá jẹ́ tiwa, wákàtí méjì."

"Òótọ́ ni."

"Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Aago mélòó lẹ ń ṣí i kí n tó dé?"

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń gbá eruku kúrò lára ìdarí. "Ṣé ìwé yín ò sọ ọ́ ni?"

"Màmá, aago mélòó?"

"Mẹ́fà."

Tíṣà jókòó. Ó jókòó sí apá tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì mọ̀. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìyàwó mi ti ń fi orí ru omi láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ní táǹkì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló ti ń pè mí ní alápò-ṣọ́ọ̀kì níwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ẹ̀yin sì jókòó síbí, ẹ̀ ń wò mí."

"Ta ló gbé aago wá, Tíṣà? Ṣé èmi ni?"

"Ọkàn yín le bí irin yẹn."

"Kò le tó ọkàn ẹni tó fa ìlà sí bẹ́ǹṣì fún ìyá arúgbó."

"Mo máa kà á níwájú ìgbìmọ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá."

"Ẹ kà á. Ẹ kà á sókè, kí àwọn tiwa gbọ́ kedere."

Àwọn ará òkè ti kọ ẹ̀sùn tiwọn ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ pe ìpàdé sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí olùtọ́jú méjèèjì wà níbẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ronú pé aago mẹ́jọ Ọjọ́bọ̀ gan-an ló yẹ kí olùtọ́jú méjèèjì máa ṣí omi fún ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí lẹ́tà náà, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Yàrá ìpàdé ní tábìlì gígùn kan, àga ìsàlẹ̀ lápá kan, àga òkè lápá kejì. Fáànù ń yí lókè wọn, ó ń dún bí ẹni tó ń pòṣé. Fèrèsé ṣí sí ojú títì. Wọ́n ní kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì, níbi tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ka ìwé rẹ̀. Ó kà á fún ìdajì wákàtí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ṣe tán, alága tìsàlẹ̀, ọkùnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, gbé ojú sókè.

"Tíṣà, ẹ ṣeun. Omi ń gba wákàtí méjì kó tó dé òkè. Ó yé wa. Ṣùgbọ́n ṣáájú kí ẹ tó dé, ẹnikẹ́ni ò sọ pé omi pẹ́. Báwo ló ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà yẹn?"

Tíṣà wo ìwé rẹ̀. Kò sí nínú ìwé. Gbogbo ojú wá yí sí ìpẹ̀kun tábìlì.

"Aago mẹ́fà ni mo ń ṣí i fún wọn," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún mọ́kàndínlógún."

Ó dà bí ẹni pé ó da omi gbígbóná sórí tábìlì. "Inú táǹkì wa!" ẹnì kan láti ìsàlẹ̀ kígbe. Alága tìsàlẹ̀ ní kí ó jókòó, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ dìde. Ó ní ará ilé ẹni kì í ṣe báyìí síni, ó ní ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ilé ló ń ti fèrèsé kó ẹrù síta. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ rò pé àwọn tòkè á sọ nǹkan kan fún òun. Bóyá wọn ò tilẹ̀ ní dúpẹ́, kí wọ́n kàn dákẹ́. Alága tòkè nu ojú rẹ̀.

"Ká sọ tòótọ́," ó ní, "ó rú àdéhùn. Ẹni tó lè ṣí i fún wa láìsọ fún yín, ó lè ṣí i fún yín náà láìsọ fún wa. Ẹ̀sùn wa ṣì dúró."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn kọjá tábìlì. Láti ìgbà tí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ti wà, àwọn ará òkè àti àwọn ará ìsàlẹ̀ kò fẹnu kò lórí nǹkan kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún rí, àfi ọjọ́ náà. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: kí ó dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bọ́ okùn náà lọ́rùn. Ó há mọ́ gèlè rẹ̀, ó ní láti tú u díẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì ń wò ó títí ó fi tú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó kéré púpọ̀ níbẹ̀.

"Akọ̀wé," Tíṣà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà kejì ìpinnu ọjọ́sí kà fún mi."

Akọ̀wé wá a, ó kà á. "A kò ní ṣí ilẹ̀kùn àfi bí olùtọ́jú méjèèjì bá wà níbẹ̀ tí wọ́n sì fara mọ́ ọn."

"Ẹ ṣeun. Èmi ò fara mọ́ ọn."

Alága tòkè yí sí i. "Tíṣà, tiwa lẹ̀ ń ṣe o. Ṣé ẹ ti wá fẹ́ràn obìnrin yìí ni?"

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ó sì ti jókòó pa ìlà mi rẹ́ nígbà ogún. Ṣùgbọ́n mo fi aago ṣọ́ omi yìí fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òùngbẹ ni mo fi aago pa yín. Òun fi etí lásán mọ ohun tí èmi ò mọ̀. Ẹni tí ẹ bá gbé wá lọ́la á tún bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́jọ, ìyàwó mi á sì tún ru omi." Ó na ọwọ́ sí àpò rẹ̀, ó lu ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. "Àfi òun, tàbí kí ilẹ̀kùn wà ní títì."

"A ó pààrọ̀ yín."

"Ó dáa. Ìlà kẹfà ní kí káńsù méjèèjì jókòó pọ̀ kí ẹ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹta sí ìsinsìnyí ni wọ́n máa jókòó."

Ibẹ̀ ni orí kan ti yọ lójú fèrèsé. Alágbàfọ̀ ni, ọṣẹ dé ìgúnpá rẹ̀.

"Ẹ̀yin alága, ẹ dákun, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Ọjọ́ wa lòní, ẹ̀rọ ò yọ. Aṣọ àádọ́ta èèyàn ló wà nínú ọṣẹ nílé mi, aṣọ ìgbéyàwó méjì wà níbẹ̀. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó wo Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ó wo ọrùn rẹ̀ tó ṣófo, ó wo tábìlì. Ẹnì kan ti sọ fún un ní ìta ohun tí ìyá náà ti ń ṣe fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti gbọ́.

"Ọ̀dàlẹ̀ ni o," ó ní, "a ó sọ ìyẹn tó bá yá. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọṣẹ ń gbẹ mọ́ aṣọ olówó aṣọ."

Ìgbìmọ̀ kùn, wọ́n bú Tíṣà, wọ́n bú alágbàfọ̀, wọ́n bú ara wọn. Lẹ́yìn náà akọ̀wé kọ ìlà tuntun: fún oṣù mẹ́ta, aago mẹ́fà ni kí wọ́n máa ṣí ti òkè, aago mẹ́jọ ni ti ìsàlẹ̀, àwọn olùtọ́jú kan náà. Alága tìsàlẹ̀ fi ìka kan ti kọ́kọ́rọ́ náà padà sí ìpẹ̀kun tábìlì. Kò gbé e. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ mú un, ó so ó mọ́rùn níwájú wọn, ó ta okùn náà ní kókó méjì.

Láti ọjọ́ náà ni alágbàfọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi ọṣẹ sí ẹsẹ̀ ògiri Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Àwọn oníbàárà mẹ́ta gba aṣọ wọn tí kò tíì tán lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn obìnrin òkè ń pọn omi láago mẹ́jọ, wọn ò sì sọ̀kalẹ̀ wá sọ ohunkóhun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́fà bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tíṣà sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú oorun.

"Ẹ pẹ́," Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní.

"Ìṣẹ́jú méjì."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí àgádágodo, ó yí ìdarí ní ogójì ìgbà, Tíṣà kà á. Lẹ́yìn náà, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jáde lọ síbi tí páìpù òkè ti yọ lára ògiri, ó tẹ̀ ba, ó gbé etí lé irin. Tíṣà dúró lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó lè bi í.

"Ibo ló dé?"

"Ó ti kọjá ilé ẹ̀kọ́ yín."

Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́. Nígbà tí ó padà sórí bẹ́ǹṣì, ó yọ ṣọ́ọ̀kì, ó tún ìlà náà fà, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbọn bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó sí i láàárín.

"Màmá, ẹ sún kúrò lórí ìlà mi."

Kò sún.